Kámẹ́rà Àtijọ́ àti Fọ́tò Dúdú-òun-Funfun: Bí A Ṣe Ń Yà Á, Bí A Ṣe Ń Fọ̀ Ọ́

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ ilé àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó lónìí, ì báà jẹ́ ní Òkè-Sópẹ́n tàbí ní Òkè-Àgbò, ẹ gbójú sókè kí ẹ wo ara ògiri. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí fọ́tò bàbá onílé tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún 1962: bàbá jókòó gbọnin sórí àga, fìlà wà lórí, agbádá bo itan, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, ó sì kọjú sí ẹni tó ń wò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí fọ́tò aláwọ̀ mèremère tí wọ́n yà níbi ìgbéyàwó ọmọ bàbá náà ní nǹkan bí 1985. Ẹ fi méjèèjì wéra. Èyí tó láwọ̀ ti ṣá. Aṣọ òkè tó jẹ́ àwọ̀ ewé nígbà náà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ojú ìyàwó sì ti ń parẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò bàbá, tó fi ogún ọdún ó lé ṣáájú rẹ̀, ṣì wà digbí. Ẹ lè ka ilà ojú bàbá. Ẹ lè fojú tọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn agbádá.

Kí ló fà á? Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé ìdí kámẹ́rà àtijọ́ láti ọjọ́ yìí wá, tí n kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Aró ni wọ́n fi ṣe fọ́tò aláwọ̀, aró a sì máa ṣá, bí àdìrẹ ṣe ń ṣá bí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́. Fọ́tò dúdú-òun-funfun ní tirẹ̀, fàdákà ni. Gbogbo ibi tó dúdú lára rẹ̀, fàdákà gidi tó rí wẹ́wẹ́ ju iyẹ̀ lọ ló kóra jọ síbẹ̀. Bí ẹni tó ṣe é bá fọ̀ ọ́ dáadáa, yóò pẹ́ ju ẹni tó yà á lọ, yóò sì pẹ́ ju ẹni tí wọ́n yà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí kò ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni fọ́tò fíìmù, bí iṣẹ́ aláró àti ti alágbẹ̀dẹ ṣe jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ìlú tiwọn, láìgbé e lọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣì ṣeé kọ́, ó ṣì ṣeé ṣe, ohun èlò rẹ̀ sì ń bẹ nínú àpótí tí a kò ṣí.

Iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀

Ní ọdún 1975, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague lọ sí Ìlá-Ọ̀ràngún láti lọ wo bí àwọn fọtógíráfà Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó rí i pé títẹ bọ́tìnnì nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n mọ ìjókòó tó yẹ àgbà, wọ́n mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ wà, wọ́n mọ̀ pé ojú gbọ́dọ̀ hàn gbangba. Ó tún rí i pé fọ́tò ti ń gba iṣẹ́ ère ìbejì ṣe. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti padà lọ, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á wá tẹ àwòrán ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, wọn á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọn á yà á, wọn á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn á tún un yà. Ìyá wọn á gbé fọ́tò náà sílé, ọkàn rẹ̀ á sì fúyẹ́ díẹ̀. Ẹni tó lè ṣe èyí nínú yàrá òkùnkùn, pẹ̀lú ọwọ́ lásán àti páálí tó fi ń dí ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì.

Ẹ tún wo ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tí wọ́n bí ní 1930 ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Kámẹ́rà Brownie kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ní 1954, ó di ọmọ iṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn Ilé Iṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù kó tó di ọ̀gá. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin wa, onílé gogoro, ṣùkú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí ó fi ya nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ó pọ̀ nínú wọn tó jẹ́ ẹ̀yìn orí nìkan la rí. Àwọ̀ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà ìpàkọ́, gbogbo okùn irun, ló hàn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí dúdú-òun-funfun fi yẹ ohun tí ọwọ́ ènìyàn dì, ẹ wo àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn.

Olójú méjì àti olójú kan

Kámẹ́rà tí àwọn onísitúdíò àtijọ́ fẹ́ràn jù ni olójú méjì, bíi Rolleiflex ará Jámánì àti Yashica ará Japan. Ojú òkè ni ayàwòrán fi ń wòran, ojú ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé ara fíìmù. Ayàwòrán á gbé e sí àyà, á tẹrí ba wò ó láti òkè, bí ẹni ń wo inú kànga. Fíìmù fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 120 ló ń jẹ, fọ́tò 12 ló sì wà nínú rẹ̀. Akínbọ̀dé Akínbíyìí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, tó sì ń gbé ní Berlin, Rolleiflex yìí ló ń gbé rìn kiri ìgboro Èkó àti ti ìlú mìíràn títí di òní, fíìmù dúdú-òun-funfun ló sì ń fi sínú rẹ̀. Ní 2024, ìlú Berlin fún un ní ẹ̀bùn Hannah Höch nítorí iṣẹ́ náà.

Olójú kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní SLR, òun sì ni ọ̀rẹ́ mi. Lára àwọn àkọ́kọ́ tó ń jẹ fíìmù tóóró ni Kine Exakta, tó jáde ní Dresden ní Jámánì ní 1936. Nígbà tó yá, Japan gba iṣẹ́ náà lọ: Pentax ní 1957, Nikon F ní 1959. Pentax K1000 jáde ní 1976, wọn kò sì dẹ́kun ṣíṣe é títí di 1997. Rọ́ṣíà náà ń ṣe Zenit, tó wúwo bí òkúta tí owó rẹ̀ kò sì gani lára.

Kámẹ́rà olójú kan tí mo fi kọ́ṣẹ́, Zenit-E ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ín. Ó fi ya ìkómọ àti òkú àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Nígbà tó fún mi, ó ní kí n má tíì fi fíìmù sí i. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi oṣù kan tẹ̀ ẹ́ lófìfo, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ́ nínú oṣù yẹn rèé.

Bí ẹ bá gbé ojú sí ẹ̀yìn kámẹ́rà olójú kan, ohun tí lẹ́ǹsì rí gan-an lẹ̀ ń rí. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú lẹ́ǹsì wọlé, á bá díńgí kékeré kan tó dagun pàdé. Díńgí á dá a padà sókè, á gba inú gíláàsì onígun márùn-ún kọjá, ibẹ̀ ni àwòrán ti ń yí padà kí ọwọ́ ọ̀tún má baà di òsì, á wá dé ojú yín. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, díńgí á gbéra sókè, aṣọ ìkélé kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sára fíìmù, aṣọ á padé, díńgí á sọ̀ kalẹ̀. Kàtà! Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Lásìkò kúkúrú yẹn, ojú ayàwòrán ń wo òkùnkùn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi máa ń sọ pé fọ́tò tí o bá rí pé ó ṣẹlẹ̀ kò sí lára fíìmù rẹ. Èyí tí o kò rí ló wà níbẹ̀.

Nínú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, irin, sípíríǹgì àti aṣọ ló ń ṣiṣẹ́. Zenit-E kò mu bátìrì rárá. Míta tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fún un lágbára. Pentax K1000 ń lo bátìrì kékeré fún míta nìkan. Bí bátìrì kú, kámẹ́rà kò kú. Ohun tó bá bàjẹ́ lára wọn, ẹni tó mọ irin lè tú u, kó sì tò ó padà. Malick Sidibé, àgbà ayàwòrán ìlú Bamako ní ilẹ̀ Mali, tó gba ẹ̀bùn Hasselblad ní 2003, oníṣẹ́ àtúnṣe kámẹ́rà ni pẹ̀lú; kámẹ́rà àtijọ́ kún pẹpẹ situdíò rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀ wa

Ohun mẹ́ta ni ayàwòrán ń fi ọwọ́ ṣàkóso. Èkíní ni ihò inú lẹ́ǹsì. Ẹ wo ojú ológbò: ní ọ̀sán gangan, ẹyinjú rẹ̀ á di tín-ín-rín bí òwú, ní alẹ́, á là gbàràgàdà. Bẹ́ẹ̀ ni ihò lẹ́ǹsì ń ṣe. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni 2, 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16; bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi ni ihò ń kéré. Èkejì ni iye àsìkò tí aṣọ ìkélé fi ń ṣí: ìdá kan nínú 30 ìṣẹ́jú àáyá, tàbí nínú 125, tàbí nínú 500. Ẹ̀kẹta ni fíìmù fúnra rẹ̀. Fíìmù 400, bíi Tri-X ti Kodak àti HP5 Plus ti Ilford, yára gba ìmọ́lẹ̀ ju fíìmù 125 bíi FP4 Plus lọ.

Bí míta bá kú, ọgbọ́n àgbà ń bẹ. Lábẹ́ oòrùn tó mú hán-ún hán-ún, ẹ fi ihò sí 16, kí ẹ fi àsìkò sí nọ́ńbà tó sún mọ́ nọ́ńbà fíìmù. Fíìmù 400, ẹ lo ìdá kan nínú 500. Bí kùrukùru díẹ̀ bá bo oòrùn, ẹ bọ́ sí 11. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, 8. Lábẹ́ òjìji ilé, 5.6 tàbí 4. Lábẹ́ igi kòkó àti igi obì nínú oko Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ tún là á sí i, nítorí òjìji ibẹ̀ jìn ju bí ojú ṣe rò lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí míta ti ń tan ènìyàn jẹ jù nílẹ̀ wa ni agbádá funfun. Èrò tí wọ́n fi ṣe míta ni pé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, bí a bá pò ó pọ̀, yóò jẹ́ àwọ̀ eérú. Ẹ wá gbé e sí iwájú bàbá aláwọ̀ dúdú tó wọ agbádá funfun láti ọrùn dé ilẹ̀. Míta á rí funfun rẹpẹtẹ, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á ní kí ẹ dín in kù. Bí ẹ bá gbọ́ tirẹ̀, agbádá á dára, ojú bàbá á ṣókùnkùn bí ẹni tó wà nínú òkùnkùn. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ fi míta wọn ojú bàbá nìkan, kí ẹ wá padà sẹ́yìn kí ẹ yà á pẹ̀lú ohun tó sọ fún yín níbẹ̀. Ojú ni kí ẹ yà. Agbádá á tọ́jú ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà ní apá omi. Ní Ogun Waterside, láti Àbígí dé Ìwòpin àti Mákùn-Omi, omi ọ̀sà a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi díńgí. Bí ẹ bá ya apẹja nínú ọkọ̀ láìro tẹ̀lẹ̀, òjìji dúdú lásán lẹ ó bá nínú fíìmù. Ẹ fi ihò kan tàbí méjì kún ohun tí míta sọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ìkùukùu hàn lókè ọ̀sà, ẹ fi gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè bo ojú lẹ́ǹsì. Gíláàsì náà ń dí àwọ̀ búlúù ojú ọ̀run lọ́nà, ojú ọ̀run á wá dúdú díẹ̀, ìkùukùu funfun á sì yọ níbẹ̀ bí òwú tí a tẹ́ sórí ẹní.

Kí n tó kúrò níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi. Fíìmù 36 àkọ́kọ́ tí mo fi sínú Zenit, Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo gbé e lọ. Mo ya ẹlẹ́ṣin, mo ya àwọn régbérégbé nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, mo yà títí nọ́ńbà fi dé 36. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí i, fíìmù wà nínú agolo rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe rà á. Orí rẹ̀ kò kọ́ mọ́ ibi tó yẹ kó kọ́ mọ́, afẹ́fẹ́ ni mo ń yà láti àárọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fi fíìmù sí i, mo máa ń wo kókó tó wà lápá òsì lókè kámẹ́rà. Bí mo ṣe ń fa fíìmù, ó gbọ́dọ̀ máa yí. Bí kò bá yí, kò sí nǹkan kan nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Fífọ fíìmù

Fíìmù, oje eegun ẹran tí wọ́n sọ di jẹ́látìnì ni wọ́n fi kùn ún, iyọ̀ fàdákà sì wà nínú jẹ́látìnì náà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn lára iyọ̀ yìí á yí padà, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí i. Àwòrán ti wà níbẹ̀. Ó fara pamọ́ ni. Iṣẹ́ ẹni tó ń fọ fíìmù ni láti pè é jáde.

Mo máa ń fọ fíìmù mi nínú balùwẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ìlú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, láti 1982 tí wọ́n ti dá yunifásítì tó ń jẹ́ Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ lónìí sílẹ̀, kò sì sí àìtó ojú tí a lè yà níbẹ̀. Alẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí fífọ fíìmù kò nílò iná mànàmáná rárá. Mo á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí ojú fèrèsé àti abẹ́ ìlẹ̀kùn. Nínú òkùnkùn birimùbirimù, mo á ṣí agolo fíìmù, mo á fi ọwọ́ wá etí rẹ̀, mo á máa lọ́ ọ mọ́ kẹ̀kẹ́ oníhò kan díẹ̀díẹ̀. Àtàǹpàkò ló ń ríran nígbà náà. Bí fíìmù bá dún wẹ́rẹ́ bíi páálí tó ń ká, ó ti kúrò lójú ọ̀nà nìyẹn. Ẹ dá a padà, ẹ má fipá tì í. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́ á wọ inú kete tó ní ìdérí tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, ẹ lè wá tan fìtílà.

Omi mẹ́ta ló kù. Àkọ́kọ́ ni dẹfẹ́lọ́pà, òun ló ń sọ iyọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kàn di fàdákà dúdú. Ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n ìgbóná Celsius ni ìwé àwọn tó ń ṣe é ń sọ. Nínú dẹfẹ́lọ́pà ID-11 tí a kò fi omi là, HP5 Plus ń lo ìṣẹ́jú méje àbọ̀ ní ìwọ̀n yìí. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ wa kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀. Bí omi bá gbóná, àwòrán á yára dúdú jù, jẹ́látìnì á sì rọ̀ tí èékánná lásán lè bó o. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo á gbé ìgò àwọn omi wọ̀nyí sínú basíà, mo á da omi sí i, mo á wá ju píọ̀ wọ́tà tó ti dì nínú fíríìjì sínú basíà náà láìjá ọ̀rá rẹ̀. Bí ó ṣe ń yọ́, gbogbo rẹ̀ á tutù, kò sì ní dà pọ̀ mọ́ nǹkan kan. Bí tẹmómítà bá ti dé 20, iṣẹ́ ti yá. Mo á da dẹfẹ́lọ́pà sínú kete, mo á máa dorí kete kodò fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Omi kejì ni omi kíkan, tó ń dá dẹfẹ́lọ́pà dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn fọtógíráfà wa ń pè ní haipò. Òun ló ń kó gbogbo iyọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn kúrò. Bí haipò kò bá ṣiṣẹ́ tán, iyọ̀ yẹn á kù síbẹ̀, ọjọ́ kan á sì dúdú, á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá haipò yín ṣì lágbára, ẹ gé etí fíìmù tí ẹ kò lò, ẹ sọ ọ́ sínú rẹ̀ lójú iná, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó fi mọ́ gaara. Ẹ lo ìlọ́po méjì iye yẹn fún fíìmù yín.

Fífọ̀ nù ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àìbìkítà. Haipò tó bá kù lára fíìmù tàbí pépà ló ń sọ fọ́tò di pupa bí omi tábà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹni tó ń fa omi nínú kànga kò ní lè jẹ́ kí ẹ̀rọ máa da omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n Ilford ti fi ọ̀nà kan hàn wá tí kò jẹ omi: ẹ bu omi kún kete, ẹ dorí rẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ dà á nù, ẹ bu òmíràn, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ bu ẹ̀kẹta, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀ogún. Ó tó. Lẹ́yìn náà, ẹ so fíìmù kọ́ nínú balùwẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi sí ilẹ̀ àti ògiri kí eruku lè sùn, nítorí eruku pupa ilẹ̀ wa tó bá lẹ̀ mọ́ fíìmù tútù kò ní kúrò mọ́.

Ẹ má da haipò tí ẹ ti lò sí ẹ̀bá kànga tàbí sínú odò. Fàdákà wà nínú rẹ̀, májèlé sì ni fún ẹja. Ẹni tó bá ń gbé etí ọ̀sà gbọ́dọ̀ rántí èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn omi wọ̀nyí wà ní ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.

Títẹ fọ́tò

Ohun tó jáde nínú kete, nẹ́gẹ́tíìfù ni: ohun tó funfun dúdú, ohun tó dúdú mọ́ gaara. Láti tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ẹ nílò yàrá òkùnkùn àti ẹńlájà, ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú nẹ́gẹ́tíìfù kọjá bọ́ sórí pépà. Pépà yìí kò rí iná pupa, nítorí náà a lè tan gílóòbù pupa kí a sì ríran. Ẹ kọ́kọ́ gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kàn án ní ìpele-ìpele: ìṣẹ́jú àáyá 3, 6, 9, 12. Èyí tó bá dára jù nínú wọn ni ẹ ó lò fún odindi pépà.

Ẹ ju pépà náà sínú dẹfẹ́lọ́pà, kí ẹ máa mi abọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15, kò sí nǹkan kan. Pépà funfun lásán ni. Lẹ́yìn náà, fìlà á kọ́kọ́ yọ, ojú méjèèjì á yọ, irùngbọ̀n á tẹ̀lé e, títí odindi ènìyàn fi jókòó sínú omi tó ń wò yín. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, àyà mi ṣì ń já sí i. Bí ojú bá ti ń dúdú ju ara yòókù lọ, ẹ padà sídìí ẹńlájà, ẹ fi ọwọ́ dí ìmọ́lẹ̀ lójú náà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ọwọ́ kan náà yìí, páálí kan náà yìí, ni àwọn ará Ìlá fi mú ìbejì méjì jókòó pọ̀.

Ìtọ́jú ohun tó kù

Òjò àti ọ̀rinrin pọ̀ ní agbègbè wa, láti igbó dé ọ̀sà. Ọ̀tá lẹ́ǹsì ni. Bí ẹ bá gbé lẹ́ǹsì sókè sí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ rí ohun tó jọ òwú aláǹtakùn nínú gíláàsì rẹ̀, èbu ló ti wọ̀ ọ́. Àpò awọ tó bá kámẹ́rà wá ló sábà ń fà á, nítorí awọ ń mu omi sára. Ẹ yọ kámẹ́rà kúrò nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí líle, ẹ kó àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ máa gbé e jáde kó gba afẹ́fẹ́, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà tí wọn kò lò ló ń kú.

Nẹ́gẹ́tíìfù ló wá ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí kámẹ́rà onídíjítà dé, ọ̀pọ̀ onísitúdíò dáná sun nẹ́gẹ́tíìfù wọn tàbí kí wọ́n kó wọn dà sí ààtàn, torí pé kò sí ẹni tó wá béèrè wọn mọ́. Ní Èkó, Karl Ohiri àti Riikka Kassinen bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú nẹ́gẹ́tíìfù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán, wọ́n sì pe àkójọ náà ní Lagos Studio Archives. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ Abi Morocco Photos wà, situdíò tí tọkọtaya John àti Fúnmiláyọ̀ Abẹ́ dá sílẹ̀ ní Èkó láàárín ọdún 1970 sí 1979, tí wọ́n sì ń ṣe títí di 2006. Iṣẹ́ wọn ti dé gálẹ́rì Autograph ní London. Díẹ̀ ló kù kó di eérú.

Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ìjẹ̀bú-Igbó? Ta ni yóò ṣe é fún Àgọ́-Ìwòyè, fún Àbígí? Àwọn tó ya ìwúyè ọba wa, ìkómọ wa, ọjọ́ ìgboyè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti darúgbó, àwọn mìíràn ti lọ. Páálí nẹ́gẹ́tíìfù wọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lókè àjà, lẹ́yìn ilé ìdáná tí èéfín ti ń bà á. Bí ẹ bá ṣí páálí bẹ́ẹ̀ tí òórùn kíkan bí fínígà ta yín nímú, fíìmù náà ti ń jẹ ara rẹ̀, ẹ tètè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù kí ẹ sì wá ẹni tí yóò dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi parí ọ̀rọ̀ mi. Ọmọ ayàwòrán, má dáná sun páálí bàbá rẹ. Fi bébà tó mọ́ di nẹ́gẹ́tíìfù náà, má fi ọ̀rá dì í. Gbé fọ́tò ara ògiri lọ bá ìyá àgbà nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń yọ lẹ́nu rẹ̀, béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, kí o sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn. Bí kámẹ́rà bá wà nínú àpótí náà, ra fíìmù kan, fi sínú rẹ̀, kí o rí i pé kókó apá òsì ń yí. Kí ẹni àkọ́kọ́ tí o máa yà jẹ́ ìyá àgbà náà. Wọn ojú rẹ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́.